Bí Mo Ṣe Yan Ọ̀bẹ Ìbàdí Mẹ́rin fún Ìgbéyàwó Rẹ

Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí mo rí tí ara tù mí,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní àbúrò ọkọ rẹ náà fẹ́ gbéyàwó, pé ìwọ àti Eero ọkọ rẹ lẹ máa fún wọn ní ọ̀bẹ ìbàdí dípò bàbá ìyàwó tí kò sí láyé mọ́, o sì fẹ́ mọ bí mo ṣe yan tiyín tó fi dára tó bẹ́ẹ̀. O ní kí n fi gbólóhùn méjì dá ọ lóhùn. Gbólóhùn méjì kẹ̀! Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ra sítáǹpù, mo mú báírò, mo jókòó sídìí tábìlì. Láti ìgbà tí o ti tẹ̀ lé ọkọ rẹ lọ sí Minnesota, sí ìlú òtútù àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun, n kò tí ì bá ọ sọ̀rọ̀ tó kọjá "ṣé o ti jẹun?" Lẹ́tà kan ni mo máa kọ, màá sì kọ ọ́ tán pátápátá. Fara balẹ̀ kà á.

Kí n tètè sọ eléyìí kó tó bọ́ lẹ́nu mi: a borí. Ní ọjọ́ tí o so ọ̀bẹ yẹn mọ́ ìdí, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo san owó ilé yìí tán lọ. O sì mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà. Mo jó ní gáréèjì.

O rántí ìgbà tí Bàbá Eero kọ́kọ́ wá sílé wa ní Pleasant Grove, ní Dallas níbí, láti wá tọrọ rẹ. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó so ọ̀bẹ mọ́ bẹ́líìtì. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, tó wa mọ́tò láti Sachse wá jókòó gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé, tẹ orí sí mi létí.

"Ayọ̀, ṣé wọ́n wá tọrọ ìyàwó ni àbí wọ́n wá já a gbà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Yorùbá ni mo sọ, kò gbọ́."

"Ojú yín ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì."

Ọkùnrin náà rí bí a ṣe ń wo ìdí rẹ̀. Ó tú ọ̀bẹ náà tàkọ̀tàkọ̀, ó gbé e sórí tábìlì wa. Ó ní nílẹ̀ Finland tí bàbá òun ti wá, púùkò ni wọ́n ń pè é, irinṣẹ́ sì ni, kì í ṣe ohun ìjà. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ṣíbí, tí wọ́n fi ń ṣe ẹja, tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì. Ó ní láyé àtijọ́ lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin tó bá tó lọ́kọ a máa so àkọ̀ òfìfo mọ́ ìbàdí. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ á ki ọ̀bẹ tirẹ̀ bọ inú àkọ̀ náà. Bí ọmọbìnrin náà kò bá dá a padà, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn.

Ìyá rẹ ní, "Kò sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀." Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Eero sọ ohun tó kàn mí. Ó ní nínú ẹbí tiwọn, bàbá ìyàwó ló ń fún wọn ní ọ̀bẹ mẹ́rin tó bára mu: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó, ọ̀kan fún bàbá ọkọ, ọ̀kan fún òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò mọ̀ pé ilé kan ni wọ́n. Ó ní ara ọ̀bẹ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti máa ń mọ̀ bóyá bàbá ìyàwó mọ ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Tí kò bá wá yan án dáadáa ńkọ́?"

Ó ní, "A óò ṣì jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé èmi tí mo tọ́ ọmọ yìí, tí mo mọ iye bàtà tó ti wọ̀ gbó, ṣé ọ̀bẹ ni yóò wá sọ pé n kò mọ̀ ọ́n?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: má ra ọ̀bẹ bí ẹni ń ra iṣu. Mo lọ sí ọjà ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo rí mẹ́rin tó ń dán yinrin, tí gígùn wọn tó apá ọmọdé, tí ẹ̀yìn wọn ní eyín bí ayùn. Ẹ̀yin ọmọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣirò ni mo fi ń súre. Mo pín owó sí gígùn, mo rí i pé kò sí ọ̀bẹ mìíràn lọ́jà náà tí owó ìwọ̀n ìka kan rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo rà wọ́n, mo ń súfèé bọ̀ lórí fríwéè. Mo pe Eero kó wá wò wọ́n.

Ó wò wọ́n títí. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní, "Dádì, wọ́n tóbi."

"Ṣé wọn kò dára ni?"

"Wọ́n dára gan-an, Dádì. Fún ẹni tó fẹ́ bá béárì jà."

Ọ̀kan nínú wọn ni mo fi ń gé koríko ẹ̀yìn ilé báyìí. Àwọn mẹ́ta tó kù wà ní gáréèjì, bóyá béárì máa yà sí Pleasant Grove lọ́jọ́ kan. Ohun tí Eero kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni pé irin ọ̀bẹ ìbàdí kì í sábà gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tọ́ gbọnrangandan. Kò ní irin ìdábùú láàárín èèkù àti ojú, nítorí ẹni tó ń gbẹ́ igi fẹ́ kí ọwọ́ òun sún mọ́ iṣẹ́. Àkọ̀ rẹ̀ jìn, ó ń gbé èèkù mì ju ìdajì lọ, débi pé bí o bá dorí rẹ̀ kodò, ọ̀bẹ kò ní já bọ́. Dorí rẹ̀ kodò lójú ẹni tó ń tà á. Bí ó bá já bọ́, dúpẹ́ kí o máa lọ.

Má sì bẹ̀rù owó rẹ̀. Bàbá rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tún un kà. Ọ̀bẹ ogún dọ́là tó bá kú láàárín ọdún kan, ogún dọ́là lọ́dún ló ná ọ. Èyí tó jẹ́ igba dọ́là, tí o bá lò ó fún àádọ́ta ọdún, dọ́là mẹ́rin péré ni lọ́dún, ọmọ rẹ á sì tún jogún rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ohun tí kò pẹ́, gbogbo ìgbà ló ń wà lọ́jà.

Èkejì. Kí nǹkan bára mu yàtọ̀ sí kí ó rí bákan náà. Eero fún mi ní nọ́ńbà alágbẹ̀dẹ kan, obìnrin àgbàlagbà tó ń gbé nítòsí ìlú wọn ní Minnesota. Mo pè é, mo ní mo fẹ́ mẹ́rin.

"Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ fi ọwọ́ mẹ́rin ránṣẹ́."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ àwọn tó máa lò ó. Kí kálukú tẹ́ ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi báírò ya etí rẹ̀ yí ká."

Ó mọ̀ pé ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n ń kó taya pamọ́ sí, pé èmi ni mò ń kà wọ́n, nítorí mo ti fi yangàn fún un. Mo ní, "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà, bíi taya."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mọ́tò dọ́gba, ọ̀gá. Ọwọ́ èèyàn kò dọ́gba."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọ̀bẹ tó bára mu ni èyí tí èèkù gbogbo wọn ti ara igi kan wá, tí àkọ̀ gbogbo wọn ti ara awọ kan wá, tí irin wọn ti ara ọ̀pá kan wá. Lẹ́yìn náà kálukú gba ìwọ̀n ọwọ́ tirẹ̀. Bí ọmọ ìyá mẹ́rin ni: ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá, bàtà wọn kò sì dọ́gba. Nítorí náà, bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, igi kan, awọ kan, irin kan ni kí o tẹnu mọ́. Sọ fún un pé kó kó èèkù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kan kó tó fi òróró pa wọ́n, kó ya àwòrán wọn fún ọ, kó sì tún yà á lẹ́yìn òróró. Òróró ló ń jẹ́ kí ọnà inú igi yọjú. Èyí tó bá fẹ́ dá yàtọ̀, ibẹ̀ ni o ti máa rí i.

Mo bi í bóyá ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó ra mẹ́rin. Ó ní mẹ́rin ni iṣẹ́ mẹ́rin. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sáà dáná. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, kò sì yọ sẹ́ǹtì kan.

Ẹ̀kẹta ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

O rántí pé mo yà sí àpátímẹ́ǹtì rẹ pẹ̀lú bébà àti báírò, mo ní mo fẹ́ ra ìbọ̀wọ́ òtútù fún ọ, pé kí o gbé ọwọ́ wá kí n wọ̀n ọ́n. O na ọ̀tún sí mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ya etí rẹ̀ yí ká, mo fi ránṣẹ́. Mo ti gba ti Eero àti ti bàbá rẹ̀, mo ya tèmi, ìyá rẹ bá mi di báírò mú. Ọ̀tún ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí o wá bá ìyá rẹ dín dòdò, mo ti gáréèjì wọlé. O kẹ̀yìn sí mi, ò ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òsì ni ọ̀bẹ wà. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo ègé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dọ́gba bíi pé ẹ̀rọ ló ń gé e. Ilẹ̀kùn dún. Kò tiẹ̀ hàn pé o ronú sí i, o kò sì dá ọ̀rọ̀ tí ò ń bá ìyá rẹ sọ dúró, o kàn pààrọ̀ ọwọ́. Ègé tó tẹ̀ lé e nípọn. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn wọ́.

O ní, "Kí lẹ ń wò, Dádì?"

Mo ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Nígbà tí o lọ tán, mo bi ìyá rẹ.

Ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ kò mọ̀ ni? Òsì ló fi ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ níbi iṣẹ́. Òsì ló fi ń yarun. Bó bá ti rí yín ló máa ń di ọlọ́wọ́ ọ̀tún."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ń sọ kiri pé ẹ ti wò ó sàn."

Òótọ́ ni, mo sọ ọ́ kiri. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá fi òsì na ọwọ́ gba nǹkan, èmi àti Àǹtí Bísí á jọ pariwo pé, "Ọ̀tún dà?" A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ la kọ́ ọ. Mo rí i pé ò ń fi ọ̀tún kí àgbà, ò ń fi ọ̀tún jẹun lójú wa, mo bá fi àmì sí i pé ó parí. Èmi tí mo máa ń mọ̀ bí taya kan bá yọ nínú ẹgbẹ̀rún! Idà ń ba ilé ara rẹ̀ jẹ́, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

N kò sọ èyí kí o lè bá mi kẹ́dùn. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí o bá ti ń gba ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ àti ti ìyàwó rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, má bi wọ́n pé ọwọ́ wo. Ọwọ́ tí èèyàn ń nà sí àgbà lè máà jẹ́ ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá jẹun nílé rẹ, kí o wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ìgò, tí wọ́n fi ń so okùn bàtà, tí wọ́n fi ń gbá eṣinṣin. Wò wọ́n nígbà tí wọn kò mọ̀ pé ò ń wò wọ́n. Ọkọ rẹ náà, máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dá ṣe nígbà tó rò pé òun nìkan ló wà, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ ọ́n.

Mo pe alágbẹ̀dẹ ní kíá. Mo ní, "Ìyá, ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́. Òsì lọmọ mi ń lò."

Ó ní ọ̀bẹ kò ní wàhálà, nítorí irin kò ní ọ̀tún kò ní òsì, díẹ̀ ni òun máa gé lára èèkù. Àkọ̀ ni ìṣòro. Inú omi ni wọ́n ti ń rẹ awọ, wọ́n á rán an nígbà tó rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí ìhà kan, bó bá gbẹ tán kò ní gbà kí a tún un tẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá so ti ọ̀tún, ojú ọ̀bẹ á kọjú síbi tí kò yẹ, àkọ̀ náà á máa gún un ní ìhà. Ó ní òun ti rán tìrẹ. Awọ tó kù lára èyí tí òun fi ṣe àwọn yòókù tó àkọ̀ kan péré, ẹlòmíràn sì ń bèèrè rẹ̀.

Mo bi í pé èló. Ó sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ gé e." N kò ná an. Ìyá rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni.

Ó wá ku Àǹtí Bísí. Mo sọ fún un lórí fóònù, àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wúwo, ojú ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Òun ló san owó ilé ìwé mọ́dà tí mo lọ, òun ló sì bá wa wá ilé nígbà tí a dé Dallas. O mọ̀ pé bí àǹtí rẹ bá bínú, gbogbo Sachse á gbọ́.

"Ayọ̀, ṣé orí rẹ pé? Kí ọmọ wa fi òsì yọ ọ̀bẹ níwájú àna? Kí wọ́n lè ní igbó la ti mú un wá?"

"Àǹtí, bó ṣe wá sáyé nìyẹn."

"Ihòòhò ni gbogbo wa wá sáyé. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Bí Màmá bá wà láyé, wọn ì bá ti nà ọ́."

"Màmá ti sùn, Àǹtí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá wọn sọ ọ́!"

Ó ní òun kò ní wá síbi ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ó ní òun á wá, tí òun bá sì rí òsì lára ọ̀bẹ, òun á dìde, òun á gbà á. Mo bẹ̀rù, Àdùkẹ́. Níwájú àwọn àna, kí àgbà ilé wa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyàwó? Ṣùgbọ́n mo wa mọ́tò lọ bá a ní Sachse, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ wá. Ohun tí ẹ bá rí tó burú lójú yín, ẹ dìde kí ẹ gbà á. N kò ní dá yín dúró." Ìmọ̀ràn kẹrin nìyẹn, kò sì gùn: ohun tí o bá fẹ́ ṣe tí àgbà kò fẹ́, má fi pamọ́ fún un. Pè é kó wá wò ó.

O mọ apá ibi tó kù, ìwọ náà wà níbẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé wa, lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó. Bàbá Eero ní ọ̀bẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó má bàa gé ìfẹ́ láàárín àwọn èèyàn, kí kálukú fún mi ní sẹ́ǹtì kan. Mo gba sẹ́ǹtì mẹ́ta. Òwò tí mo fi pàdánù jù láyé mi nìyẹn, òun ló sì dùn mọ́ mi jù.

Àmọ́ igi tí Bàbá Eero ní kí o fá ni ìwọ ń wò, nítorí náà o kò rí ohun tí èmi rí.

O kúnlẹ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀bẹ rẹ. O dìde, o mú un lọ sí ìbàdí ọ̀tún. Kò jókòó. O yí i, ó tún kọ̀. Ìgbà náà lo wò mí. Mo mi orí sí ọ. O so ó mọ́ ìbàdí òsì, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó délé. Bàbá Eero na igi gbígbẹ sí ìwọ àti ọkọ rẹ, ó ní kí ẹ fá a wínníwínní kí a fi dáná. O yọ ọ̀bẹ.

Àǹtí Bísí gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí itan. Ó ti ìjókòó sẹ́yìn. Mo di ìka ẹsẹ̀ mọ́ inú bàtà.

O fá a lẹ́ẹ̀kan. Igi náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ń ká bọ̀ láìjá. O fá òmíràn lé e, àti òmíràn, títí orí igi fi dà bí irun ọmọ tuntun. Ti Eero já lẹ́ẹ̀kejì, ó já lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Eero na ọwọ́ kan igi tìrẹ, ó fà á padà bí ẹni pé ó gbóná. Nígbà tí iná ràn, igi tìrẹ ló kọ́kọ́ gbà á. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Àǹtí ti jókòó padà, àpò rẹ̀ wà nílẹ̀.

Bàbá Eero bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "O mọ ọmọ rẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú orí sókè gan-an.

Kí n tó gbàgbé, ìkarùn-ún: irin yín máa ń dípẹtà. Ẹ máa nù ún, ẹ máa fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, ẹ má ki í bọ àkọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ máa pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá sì ń jà, kálukú tú bẹ́líìtì rẹ̀ ná. Ẹni tí ṣòkòtò ń bọ́ lọ kì í lè bínú pẹ́.

Ó wá ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé yín dé ibùdókọ̀ òfuurufú. Àǹtí kò tètè lọ sí Sachse. Ó jókòó sí kíṣìnì wa lọ́sàn-án, ìyá rẹ ń sùn. Ó ní, "Mú ọ̀bẹ rẹ yẹn wá."

Mo rò pé ó ti tó àkókò tó fẹ́ gbà á. Mo tú u, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó mú ọsàn kan nínú abọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi òsì yọ ọ̀bẹ mi, ó fi òsì bó ọsàn náà láti òkè dé ìdí, èèpo rẹ̀ jáde ní okùn kan ṣoṣo.

Mo ní, "Àǹtí!"

"Pa ẹnu mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti inú Màmá. Aṣọ ni wọ́n fi di òsì náà mọ́ mi lẹ́yìn títí mo fi kọ́ ọ̀tún. Ìwọ kò tí ì dáyé." Ó gé ọsàn náà sí méjì. "Nígbà tí ọmọ yẹn ń fá igi lánàá, ara mi ń yún mi. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ fá tèmi ni."

Ó na ìdajì ọsàn sí mi. Òsì ló fi nà án. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nítorí náà, bí o bá ń pe alágbẹ̀dẹ, má pè é fún mẹ́rin. Márùn-ún ni. Ìkarùn-ún jẹ́ ti Àǹtí Bísí, àkọ̀ ti òsì, èmi ni n ó san owó rẹ̀, má sì bèèrè ẹ̀dínwó lórúkọ mi. Bébà tó wà nínú àpò ìwé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó kọ̀ kí n bá a yà á. Ọ̀tún tí wọ́n fi tipátipá kọ́ Àǹtí ló fi ya òsì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà fi wọ́ níbi àtàǹpàkò. Sọ fún obìnrin náà kó má tẹ̀ lé e níbẹ̀.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kí ilé rẹ má tutù bí ìta rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa wọ fìlà. Àǹtí rẹ kí ọ. Ó ní kí o sọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó má wo ti ọjọ́ orí òun, kó má pọ́n ọ̀bẹ náà lápọ́ntì. Ó ní kó mú o.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Ayọ̀